Ìsàlẹ̀ Fíláàsì

Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ilé iṣẹ́ télọ̀ yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, fíláàsì nìkan ló mọ́.

Àjákù aṣọ kún ilẹ̀. Òwú wé mọ́ ẹsẹ̀ àwọn máṣìnnì, eruku ṣọ́ọ̀kì wà lára ògiri, àwọn ife onírin tí wọ́n fi mu tíì lálẹ́ àná sì tò sójú fèrèsé, tíì ti gbẹ mọ́ gbogbo wọn nínú. Ṣùgbọ́n fíláàsì ńlá pupa tí wọ́n ti ń bu tíì ọ̀hún, ẹnìkan ti fi kànrìnkàn ha inú rẹ̀, ó ti ṣàn án, ó sì ti dojú rẹ̀ dé sínú oòrùn. Ìyá Fínnífínní wò ó títí. Wọ́n bá òkú èèyàn nínú ilé, ẹnìkan sì ráyè fọ fíláàsì! Ìmọ́tótó wo nìyẹn?

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni Ìyá Fínnífínní o. Àwọn ọlọ́pàá abẹ́ rẹ̀ ló fún un. Obìnrin tó bá dé ibi ọ̀ràn, tó jẹ́ pé abẹ́ tábìlì ló máa kọ́kọ́ yọjú wò kó tó dá onílé lóhùn, kí ni kí wọ́n máa pè é? Àgbà ti ń dé sí i, ìbàdí ń dùn ún, ó sì kórìíra ariwo. Láti ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ọgbọ́n tó fi ń jẹun kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí èèyàn bá sáré tún ṣe ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹni tó kú, Kíákíá ni wọ́n ń pè é, torí nínú gbogbo télọ̀ ibẹ̀, òun ni ọwọ́ rẹ̀ yá jù. Ilé ìwé fẹ́ wọlé ní Mọ́ńdè, yunifọ́ọ̀mù rẹpẹtẹ sì wà lọ́rùn wọn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n ti ń ránṣọ dòru. Lálẹ́ àná, àwọn yòókù lọ sílé, Kíákíá ti parí tiẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ rán díẹ̀ kún un. Bàbá Kọ́là, àgbàlagbà tó jẹ́ pé kọ́là aṣọ ni tiẹ̀, ló kọ́kọ́ dé láàárọ̀. Ó bá a tó forí lé máṣìnnì, ó rò pé ó sùn ni. Ó tilẹ̀ bú u. "Ọ̀lẹ, dìde!" Ìgbà tó fọwọ́ kàn án lọ́rùn ló tó figbe ta. Wọ́n ti gbé òkú lọ sọ́dọ̀ dókítà báyìí, ṣùgbọ́n yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé tó ń rán lọ́wọ́ ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ojú ìrán rẹ̀ lọ tààrà títí dé àárín, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, ó sì dúró. Ìyá Fínnífínní fi ìka tọ ojú ìrán náà títí dé ibi tó parí sí. Inú rẹ̀ bàjẹ́.

"Ọ̀gá! Mo ti mú un!"

Sájẹ́ńtì tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. Ó na káàdì oògùn kan sókè. Ẹyọ kan ti kúrò nínú rẹ̀.

"Nínú báàgì Bọ́tìnnì ni mo ti rí i, mà. Kòrẹ̀mí ni. Oògùn ara ríro tí àwọn ọmọ ìgboro ń gbé mì bí ẹní jẹ ẹ̀pà."

"Ta ni Bọ́tìnnì?"

"Ẹni tó máa ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Àbúrò ìyàwó òkú ni. Wọ́n jà lánàá, gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Ó ní, 'O máa pa ara ẹ!' Mo tún wá rí èyí lábẹ́ máṣìnnì Kíákíá." Ó gbé ìgò ọtí líle kan jáde lábẹ́ abíyá. "Oògùn, ọtí, ìjà. Ọ̀rọ̀ ti parí, mà."

"Ṣé o ti gbóòórùn rẹ̀?"

Sájẹ́ńtì ṣí ìgò, ó fa imú sí i fíìn. Ojú rẹ̀ yí padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Epo máṣìnnì ni.

"Ọtí yẹn le o," ni Ìyá Fínnífínní wí. "Máṣìnnì nìkan ló lè mu ún."

Ó kọjú sí àwọn ife ojú fèrèsé. Irú kan náà ni gbogbo wọn, nítorí náà wọ́n so òwú mọ́ etí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà máa ṣì í mú: òwú dúdú ni ti Bàbá Kọ́là, funfun ni ti Bọ́tìnnì, pupa ni ti Kíákíá. Nínú àwọn ife yòókù, àbààwọ́n tíì lásán ló wà. Ti Kíákíá nìkan ni nǹkan funfun nípọn nísàlẹ̀ rẹ̀, bí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ìkòkò. Ó fi ọ̀rá wé e, ó kó àwọn yòókù mọ́ ọn, ó ní kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lọ fún dókítà.

"Bọ́tìnnì ńkọ́, mà?"

"Mú un lọ sí àgọ́. Má lù ú o. Bí o bá lù ú, ìwọ náà á rí mi."

*

Ọ̀gá télọ̀ jókòó sórí àga, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń nu ojú tó gbẹ.

"Ọmọ mi ni Kíákíá, mà. Ọmọ mi ni! Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́."

"Ẹ kú àmúmọ́ra. Ta ló máa ń po tíì fún wọn?"

"Ìyàwó mi ni. Àánú wọn ló ń ṣe mí, iṣẹ́ òru kì í ṣe iṣẹ́ kékeré."

"Ẹ̀yin náà máa ń mu nínú ẹ̀?"

"Èmi kẹ̀? Rárá o. Tíì kì í bá mi lára mu."

"Ta ló fọ fíláàsì láàárọ̀ yìí?"

"Fíláàsì wo?" Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Èmi ni, mà," ni obìnrin náà wí. "Mi ò kàn fẹ́ràn ìdọ̀tí ni."

Ìyá Fínnífínní wo àjákù aṣọ tó bo ẹsẹ̀ obìnrin náà mọ́lẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ó jáde sí ìta. Àwọn télọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ògiri, wọ́n ń sọkún, wọ́n sì ń họra. Èyí ń họ apá, ìyẹn ń họ imú, Bàbá Kọ́là ń họ ẹ̀yìn ọrùn bí ẹni pé èèrà wà níbẹ̀.

"Bàbá, kí ló ń yún yín?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n o. Mo rò pé eruku aṣọ tuntun ni. Láti ìgbà tí iṣẹ́ òru ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń yún wa."

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa pátá. A tilẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, a ní a ti di ajá."

"Ẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Ebi kì í pa mí mọ́. Tí mo bá ti mu tíì ìyàwó ọ̀gá tán, àárẹ̀ ò sí, ẹ̀yìn ò dùn mí, oorun gan-an ò mọ ọ̀nà ilé mi. Tíì yẹn dáa o!"

Ìyá Fínnífínní wo arúgbó náà, àánú rẹ̀ ṣe é débi pé ó ní láti yí ojú sápá kan. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń họra, ẹnì kan ṣoṣo ló sì kú. Ohun tó wá ń dà á láàmú nìyẹn. Fíláàsì kan náà ni wọ́n ti bu tíì. Kí ló dé tó fi jẹ́ ife kan ṣoṣo ló ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀?

*

Ẹkún ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ìyàwó Kíákíá ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, wọn ò lè gbé e dìde.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun! Ikú ti mú ọkọ mi lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀wọ̀n mú àbúrò mi. Èmi ni mo tọ́ ọ. Ìgbà tí ìyá wa kú, ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́n. Kò lè pa adìyẹ, mà!"

"Dìde, ọmọ mi. Jókòó sórí àga. Mi ò tíì sọ pé òun ni."

"Ẹ̀yin ò tíì sọ ọ́, ṣùgbọ́n sájẹ́ńtì yín ti sọ ọ́. Ó ní kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti gbé e lọ sílé ẹjọ́."

Ìyá Fínnífínní wo Sájẹ́ńtì. Sájẹ́ńtì rántí pé òun níṣẹ́ níbòmíràn.

Bọ́tìnnì wà nínú yàrá kejì, ojúfèrèsé kékeré kan ló wà níbẹ̀, igbe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀dọ́kùnrin gbọọrọ ni, ihò abẹ́rẹ́ kún orí ìka rẹ̀.

"Èmi ni mo pa á," ló wí, kó tó di pé ẹnikẹ́ni bi í.

"O káre. Báwo lo ṣe pa á?"

"Mo fún un lóògùn."

"Mélòó?"

"Ó pọ̀."

"Inú kí lo pò ó sí?"

"Inú... inú omi."

"Wò mí. Káàdì tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ, ẹyọ kan ló kúrò nínú ẹ̀. Èwo ni 'ó pọ̀'? Ta ló sì ń ba ẹni tó fẹ́ pa jà níta gbangba, tó tún ń pariwo pé, 'O máa pa ara ẹ'? Ìkìlọ̀ nìyẹn, ọmọ mi. Ta lò ń bò?"

Bọ́tìnnì wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún ké níta, ojú ọmọkùnrin náà sì sáré lọ síbi fèrèsé kó tó rí i mú. Kíá ni Ìyá Fínnífínní ti rí ohun tó ń wá.

"Òun ló rán ọ," ló wí jẹ́jẹ́.

Bọ́tìnnì bú sẹ́kún. "Ẹ̀yìn ló ń dun ọkọ rẹ̀, mà. Kì í lè nàró tó bá délé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bá òun ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kí n máa fún un ní ẹyọ kan lálẹ́. Àná ni mo kọ́kọ́ fún un ní ẹyọ kan. Ó ní kí n fi òmíràn sí i, mo kọ̀, ohun tá a jà lé lórí nìyẹn. Mo sì kọ̀ ọ́, mà! Mo kọ̀ ọ́, ó ṣì kú." Ó di ọwọ́ Ìyá Fínnífínní mú. "Ẹ má sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣẹ̀wọ̀n. Tó bá gbọ́ pé oògùn tí òun rán mi rà ni, á kú sí mi lọ́rùn."

"Ẹyọ kan kọ́ ló pa á."

"Ó dá yín lójú?"

Kò dá a lójú. Ó ní òun ń bọ̀.

*

Dókítà tó ń yẹ òkú wò jókòó sẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ife kan wà níwájú rẹ̀.

"Oorun ló pa á," ló wí. "Díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ ń lé àárẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀, ó ní kí ara sinmi. Ara sinmi, ẹ̀dọ̀fóró náà bá a sinmi."

"Ṣé ẹyọ kan lè ṣe é?"

"Ẹyọ kan á kàn mú un tòògbé ni. Ohun tí mo bá nínú ara ọmọ yìí ju ẹyọ kan lọ dáadáa. Ife olówùú pupa yẹn náà, ṣúgà pẹ̀lú oògùn tí wọ́n lọ̀ ló dì sísàlẹ̀ rẹ̀. Díẹ̀ ló wà nínú àwọn ife yòókù, ṣùgbọ́n ó wà nínú gbogbo wọn, oògùn yẹn sì máa ń mú ara yún èèyàn."

"Tí a bá wá yọ ẹyọ kan yẹn kúrò, tó jẹ́ tinú tíì nìkan ló mu?"

Dókítà wò ó. "Ìbéèrè burúkú lẹ̀ ń bi mí yìí. Ó ṣeé ṣe kó jí. Ó sì ṣeé ṣe kó má jí. Àpapọ̀ méjèèjì ni kò sẹ́ni tó lè mu ún kó jí."

Ìyá Fínnífínní jókòó. Ìbàdí rẹ̀ ń ro ó.

"Ẹ mọ ohun tó máa ń bí mi nínú?" ni dókítà ń wí lọ. "Kò sí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí tó wọ̀lú bí ọ̀tá. Oje òdòdó kan wà láyé àtijọ́, àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n ń fún. Ogun parí, ọgbẹ́ jinná, wọn ò lè fi oògùn sílẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n ní àwọn á ṣe èyí tí kò ní sọ èèyàn dẹrú. Wọ́n ṣe é, wọ́n sì ń tà á fún àwọn ọmọdé tó ń wúkọ́! Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n tún ṣe èyí tí kì í jẹ́ kí ọmọ ogun sùn. Kò pẹ́, àwọn awakọ̀ àti àwọn ọmọ ilé ìwé gbà á lò. Ọtí líle náà ńkọ́? Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá lágbá-lágbá, wọ́n sì fi ń ra ọmọ ọlọ́mọ lẹ́rú lọ. Èyí tó pa Kíákíá yìí, nítorí ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí a ní kó wá féni lójú, ata ló fi sẹ́nu."

Ó gbé ife rẹ̀, ó mu nínú rẹ̀. Kì í ṣe omi. Ìyá Fínnífínní ti gbóòórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin ńkọ́, dókítà?"

"Èmi? Òkú tí mò ń rí lójoojúmọ́ ni mò ń lò ó fún." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn ún gbọ́. "Ẹ rí i? Èmi náà ní àlàyé tèmi."

*

Nígbà tó padà dé ilé iṣẹ́ télọ̀, Bàbá Kọ́là ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

"Bàbá, lálẹ́ àná, ta ló mu tíì kẹ́yìn?"

"Kíákíá ni, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jẹ́ òun. Òun ló nìsàlẹ̀."

"Ìsàlẹ̀ wo?"

"Ìsàlẹ̀ fíláàsì, ìyá." Arúgbó náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Àwa télọ̀ ibí ní àṣà kan. Ìyàwó ọ̀gá máa ń da ṣúgà sí i púpọ̀, kì í rò ó, gbogbo adùn á lọ sísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ parí aṣọ tirẹ̀ lálẹ́, òun la máa ń ro ìsàlẹ̀ fíláàsì fún. Èmi ni mo dá a sílẹ̀ o, kí iṣẹ́ lè yá! Àwọn èèyàn á máa sáré nítorí ṣúgà. Ta ló sì lè ṣáájú Kíákíá? Òun ló ń mu ún lálaalẹ́."

Ó ti yé Ìyá Fínnífínní wàyí. Ohun tó ń rì ní ìsàlẹ̀ fíláàsì yẹn kì í ṣe ṣúgà nìkan. Ọmọ tó ṣiṣẹ́ jù ni wọ́n ń fún ní májèlé jù, tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó wọlé, ó ní kí gbogbo wọn jókòó. Ọ̀gá télọ̀ ń wò ó, ìyàwó rẹ̀ ń fi etí aṣọ wé ìka. Ìyá Fínnífínní ti inú báàgì rẹ̀ gbé ife onírin kan jáde, òwú pupa wà létí rẹ̀, nǹkan funfun nípọn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó bu omi gbígbóná sí i, ó fi ṣíbí rò ó.

"Kíákíá kò mu tiẹ̀ tán," ló wí. "Mi ò sì fẹ́ràn ìfiṣòfò. Ọ̀gá, ẹ máa bá mi mu nínú ẹ̀?"

"Mo... mo ti sọ pé tíì kì í bá mi lára mu."

"Kò burú, ẹ jẹ́ kí n dá a mu." Ó gbé ife náà sẹ́nu.

"Ẹ má mu ún!" Ìyàwó ọ̀gá ti dìde, ó ti gbọ́wọ́ lérí. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má mu ún!"

Ìyá Fínnífínní rọra gbé ife náà sílẹ̀.

"Ṣúgà lásán ni mo bù sí i. Ife tèmi ni, òwú lásán ni mo so mọ́ ọn. Kí lo rò pé ó wà nínú ẹ̀, ọmọ mi?"

Obìnrin náà wó lulẹ̀ bí aṣọ tó bọ́ lórí okùn. "Òun ló máa ń lọ̀ ọ́," ó ń fi orí júwe ọkọ rẹ̀. "Ìdí áyọ́ọ̀nù ló fi máa ń lọ̀ ọ́. Ó ní kò lè pa wọ́n lára, pé agbára lásán ni. Èmi ni mo kàn ń da ṣúgà sí i, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó korò."

"Ìwọ obìnrin yìí!" ni ọkọ rẹ̀ jágbe.

"Ẹ jókòó!" Ohùn Ìyá Fínnífínní lọ sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Ẹ lọ oògùn fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, ẹ tún jókòó síbí, ẹ ń nu ojú gbígbẹ."

"Ta ni kì í ṣe é?" Ọ̀gá ti bínú wàyí, ó jọ pé ìbínú náà dùn mọ́ ọn ju ìbẹ̀rù lọ. "Ẹ lọ wo ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹ lọ wo àwọn awakọ̀! Yunifọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ jáde! Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń fún wọn, mo ṣírò rẹ̀, mo pín in dọ́gba fún gbogbo wọn!"

"Ẹ pín in. Ẹ ò fi ṣíbí rò ó."

Kò kọ́kọ́ yé ọ̀gá. Ìgbà tó yé e, ẹnu rẹ̀ ṣí, kò sì padé. Bàbá Kọ́là ni ọ̀rọ̀ náà tètè yé jù. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, èyí tó ti ń ro fíláàsì fún Kíákíá lálaalẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbá ara rẹ̀ lórí. Àwọn télọ̀ méjì ló dì í mú.

Wọ́n ń mú ọ̀gá jáde lọ́wọ́ ni mọ́tò ilé ìwé dé. Awakọ̀ yọrí. "Ẹ jọ̀ọ́, yunifọ́ọ̀mù wa ti parí?" Ó wo inú ilé, ó rí aṣọ tí wọ́n tò. "Bọ́tìnnì ló kù lára èyí. Ta ló ń rán bọ́tìnnì?"

*

Wọ́n tú Bọ́tìnnì sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó ń fọwọ́ pa á lórí bí ọmọ ọwọ́.

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀gá yẹn ló pa ọkọ mi?"

"Òun ló lọ oògùn sínú tíì," ni Ìyá Fínnífínní dáhùn.

Obìnrin náà yọwọ́ lára àbúrò rẹ̀. Ó ń wá ojú rẹ̀. "Èyí tí mo rán ọ ńkọ́? Ṣé o fún un lánàá?"

Bọ́tìnnì wo Ìyá Fínnífínní. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun máa lò ó lọ́la."

"Háà! Ọlọ́run, o ṣeun." Èjìká rẹ̀ balẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ìyá Fínnífínní, tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lé irọ́ kiri, jẹ́ kí ti èyí kọjá. Ó tilẹ̀ súre fún un nínú ọkàn rẹ̀. Irọ́ wo ló tún dára tó èyí? Ó ti ń ro bí òun á ṣe lọ sílé, kí òun fi omi gbígbóná jó ìbàdí.

"Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà," ni obìnrin náà wí, ó ń nu ojú, "ẹ bá mi mú káàdì yẹn wá. Láti àárọ̀ ni gbogbo ara ti ń ro mí, mo sì mọ̀ pé mi ò ní lè sùn lálẹ́ òní. Ẹyọ kan péré ni mo máa lò."

"Kò ṣeé ṣe. Ó ti di ẹ̀rí."

"Kò burú. Mo ṣì lè ra òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ẹni tó ń tà á ní kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan, àwọn abiyamọ gan-an ń lò ó."

Ojú Bọ́tìnnì ràn. Ó lanu, ó pa á dé, ó tún lanu. Ìyá Fínnífínní dúró dè é, bóyá yóò lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kò lè sọ ọ́. Ta ló lè sọ ọ́?

Ó ṣí báàgì rẹ̀. Ó yọ káàdì náà jáde, ọ̀rá tín-ín-rín ni wọ́n fi wé e, ó fi lé obìnrin náà lọ́wọ́. Ìka obìnrin náà ń lọ lórí àwọn hóró oògùn náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi rì sínú èyí tó ṣófo.

Ó dúró síbẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀. Bọ́tìnnì ti bojú.

"Ẹ̀yìn ló ń dùn ún, mà," ló wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ẹni tó ń ṣàlàyé nǹkan kékeré kan fún àlejò. "Mo ní kó jẹun dáadáa kó tó lò ó."